Télọ̀ Ọjà Ọba Tó Kọ́ Gìtá

Bí ẹ bá fẹ́ bá Monílọ́lá jà, ẹ mú aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kí ẹ ní kó má wulẹ̀ wọ̀n yín, pé ó ṣáà ní ìwọ̀n yín nínú ìwé láti oṣù tó kọjá. Yéè! Á bọ́ jígí ojú rẹ̀, á na téèpù, á ní kí ẹ dìde dúró. Ó ní oṣù kan tó fún iyán àti ẹ̀bà láti ṣe iṣẹ́ lára èèyàn, òun ò sì ní í gé aṣọ fún ara tí òun ò wọ̀n. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń rán aṣọ, òfin yìí ò yí padà rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ọmọ Oǹdó ni, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ débi pé bó bá ń bínú, ó lè fi ohùn ìlú méjèèjì sọ̀rọ̀ sí yín, kí ẹ sì gbọ́ ọ yé dáadáa.

Bó bá sọ fún yín pé òun déédéé fẹ́ràn gìtá ni òun ṣe kọ́ ọ, ẹ má dá a lóhùn. Irọ́ ni. Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ.

Ìyá náà, Ìyá Láńre ni gbogbo àdúgbò Òkè Lísà ní Oǹdó ń pè é, torí Ọláńrewájú lorúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún ohun tó lé lógójì ọdún. Orin kan wà tó jẹ́ tirẹ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó bí Monílọ́lá, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ti gbà pé kò ní í dìde mọ́. Ọdọọdún, nígbà ìkórè, òun nìkan ló máa ń jáde síwájú ìjọ láti kọ ọ́:

Ẹsẹ̀ mi ì bá ti yẹ̀,
Ọwọ́ rẹ ló dì mí mú;
Mo tún rí oòrùn òwúrọ̀,
Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ní ìkórè ọdún méjì sẹ́yìn, ohùn màmá já. Ó gun orin náà lọ dé ibi "oòrùn òwúrọ̀," ibi tí orin náà ti ga jù, ó yanu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, irú ẹ̀rín tó máa ń bọ́ lẹ́nu èèyàn láìròtẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ màmá gbọ́ ọ. Ó padà lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí ìjọ bá sì ń kọrin, ìwé orin ló máa ń wò, kì í la ẹnu. Nílé pàápàá, ó ní òun ò kọrin mọ́, pé ohun tó bá ti lọ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Monílọ́lá gan-an. Ilé tí wọ́n ti fi orin jí i lówùúrọ̀, tí wọ́n fi orin wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n tún fi orin bá a wí, bó bá débẹ̀ báyìí, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń gbọ́. Ó wá pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìkórè tó ń bọ̀, ìyá òun máa kọ orin yẹn, òun fúnra òun ló sì máa jókòó tì í pẹ̀lú gìtá, kó má bàa dá dúró níwájú àwọn èèyàn.

Gìtá ò ṣòro rí. Goodness, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì ní Ìlárá-Mọ̀kín, ti ra ọ̀kan. Ó fi ṣeré fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó bá a ya fọ́tò bí ọgọ́rùn-ún, ó sì gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti lọ fà á yọ, tó nu eruku ara rẹ̀, tó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó kọ́kọ́ ka ara rẹ̀ sí ògbóǹtarìgì. Ṣé ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti ń gún láti ọdún wọ̀nyí ni okùn gìtá fẹ́ dùn? Ẹ gbà mí! Okùn náà dùn ún débi pé kò lè mú síṣọ́ọ̀sì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó wé pílásítà mọ́ ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọwọ́ òsì, ó tún tẹ okùn náà, ìró tó jáde sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ báàfù irin nílẹ̀.

Ràṣídì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Monílọ́lá gan-an ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà, níbi tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá fi òwò òwú tẹ̀dó sí Àkúrẹ́. Àgbàlagbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ni, ó máa ń wọ fìlà funfun, kì í pa ìrun jẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nínú ọjà yẹn ni pé nígbà èwe rẹ̀, ó ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin kan fún ọdún mọ́kànlá. Ó gbé ìdì òwú dúdú lọ́wọ́ sọdá títì wá.

"Ìyá Goodness, ta lò ń pa níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, orin ni mò ń kọ́."

"Orin? Mo ti fẹ́ pe àwọn èèyàn wá là yín ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ràṣídì ò tiẹ̀ jẹ́ kó tẹ ohunkóhun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orí gìtá ló kọ́kọ́ mú, ó ń lọ́ àwọn ìṣó okùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Ó ní gìtá tí okùn rẹ̀ kò bá ara wọn mu, bí èèyàn fi odindi ọdún kan ta á, ariwo lásán ló ń kọ́ ara rẹ̀. Ó fi ohun tó ń yẹ ohùn okùn wò sórí fóònù Monílọ́lá, ó ní kó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló ṣí pílásítà ọwọ́ rẹ̀ jù nù.

"Jẹ́ kó dùn ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, awọ ibẹ̀ á le. Èékánná yìí ńkọ́?"

"Èékánná mi ṣe yín báwo?"

"Gé e."

Èékánná pupa tó gùn rèǹtèrente, tó ti ń tọ́jú látọjọ́ ọdún Àjíǹde! Monílọ́lá gé ti ọwọ́ òsì, ó fi ti ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, ó sì fi odindi ọjọ́ kan fajú ro. Àmọ́ ó rí i pé òótọ́ ni Ràṣídì sọ. Ìka rẹ̀ ń fi orí gún okùn báyìí, kì í fi ara rọ́ ọ mọ́. Ràṣídì tún fi hàn án pé ẹ̀yìn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn gìtá ló ti yẹ kó tẹ̀ ẹ́, kó sún mọ́ ọn, kó má gun orí rẹ̀, àti pé kò nílò agbára kankan níbẹ̀. Gbogbo agbára tó ti ń lò látẹ̀yìn wá, òfo ló ń ṣe.

Kọ́ọ̀dù méjì péré, ìyẹn ọ̀nà méjì tí ìka ń gbà tẹ okùn pọ̀, ló fún un fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Kó tẹ èyí, kó ṣí i, kó tẹ ìkejì, kó tún padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀, kí oníbàárà tó dé. Monílọ́lá ní kí òun kúkú máa fi ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ṣe wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ràṣídì pòṣé.

"Ṣé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan náà lo máa ń jẹ pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

Ó gbọ́. Nígbà tí òjò oṣù Okúdù fi ń rọ̀ kíkankíkan, ó ti ń ti kọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn láìwo ọwọ́, ó sì ti mọ márùn-ún. Kò tíì ta orin ìyá rẹ̀, Ràṣídì ò gbà á láyè títí tó fi lè fi ẹnu kọ ọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tí ẹnu èèyàn ò bá tíì gbà, kó má fi dààmú ìka.

Wàhálà tó kù ni eré. Bí orin bá ti dùn mọ́ ọn, Monílọ́lá á sáré. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tó bá fi máa dé ìlà kẹta, á ti máa lọ bí ẹni tí ajá ń lé. Ràṣídì pàtẹ́wọ́ kó lè máa tẹ̀ lé e, ó sọ fún un kó rọra, ó bínú, Monílọ́lá ò gbọ́. Àfi ọjọ́ kan tí Ràṣídì wo ilẹ̀.

"Áà! Ìyá Goodness, wo ẹsẹ̀ rẹ!"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń jó nílẹ̀, gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tẹ máṣíìnì. Gbogbo télọ̀ ló mọ̀ ọ́n: bí èèyàn bá ti dé ibi tí aṣọ gùn gbọọrọ, tí kò sí kọ́nà, ẹsẹ̀ á kàn fi eré sí i fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ẹsẹ̀ yẹn ti ń rán aṣọ, ibi tó bá ti dùn ló ti ń sá. Monílọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ràṣídì ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ tí Monílọ́lá ti gbé sí kọ̀rọ̀ látìgbà tó ti ra oníná, ó yọ bẹ́líìtì rẹ̀, kó má bàa yí orí máṣíìnì náà, ó sì ní kó jókòó síbẹ̀, kó gbé gìtá lé itan. Kó máa tẹ ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń rán ọrùn aṣọ, jẹ́jẹ́, láìdúró, láìsáré. Bó bá sáré, táyà ìsàlẹ̀ máṣíìnì náà á pariwo. Bó bá dẹwọ́ jù, á yí padà sẹ́yìn. Kó jẹ́ kí ọwọ́ máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ẹ wo ìran! Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró. Ọlọ́kadà kan ní, "Madam, èyí tẹ́ ẹ ń rán yìí, ṣé sòkòtò ni àbí búláòsì?" Monílọ́lá ní ẹnu rẹ̀ ni òun ń rán pa. Àmọ́ kò dìde níbẹ̀. Kí oṣù Ọ̀wàrà tó wọlé, ó ti lè ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí eré rẹ̀ má yẹ̀.

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tó gbé gìtá wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Inú rẹ̀ dùn débi pé nígbà tí wọ́n dé Bọ́lọ́rundúró, tí obìnrin kan ní ẹ̀yìn mọ́tò ní kó fi nǹkan yẹn dá àwọn lára yá, kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo mọ́tò gbè é. Dírẹ́bà ní kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ náà yọ̀. Ó fọwọ́ pa gìtá náà, ó fọwọ́ pa ìka ọmọ rẹ̀ tó ti le. Monílọ́lá jókòó ní pálọ̀, ó ta orin náà, kò ṣe àṣìṣe kankan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e."

Màmá kọ́kọ́ ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé e. Ẹsẹ̀ mi ì bá ti yẹ̀, ó dùn. Ọwọ́ rẹ ló dì mí mú, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tó dé oòrùn òwúrọ̀, ó tún já, afẹ́fẹ́ lásán, gẹ́gẹ́ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó kẹ̀yìn sí i.

"Mo ti sọ fún ẹ. Ohùn mi ti lọ. Má gbé nǹkan yẹn wá síbí mọ́, Monílọ́lá. Má tún dójú tì mí."

Monílọ́lá sunkún láti Oǹdó dé Àkúrẹ́. Ẹ̀dùn ọkàn yẹn pọ̀. Ìyá rẹ̀ ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan látìgbà tí ohùn rẹ̀ ti já, ọwọ́ òun ló sì tún ti já lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún Ràṣídì lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà ń to bọ́tìnnì, kò gbójú sókè.

"Níbo lo ti mú ibi tí orin yẹn ga dé?"

"Bí Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún un lórí kíbọ́ọ̀dù ni. Òun ni olórí akọrin wọn."

"Ó ti tó ọdún mélòó tó ti ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Á tó ogún ọdún."

Ràṣídì wá gbójú sókè. "Bí oníbàárà tó o rán aṣọ fún ní ogún ọdún sẹ́yìn bá wọlé báyìí, ìwọ̀n ìgbà yẹn lo máa fi gé aṣọ rẹ̀?"

Monílọ́lá wo téèpù tó gbé kọ́ ọrùn. Òun! Òun tó máa ń bá gbogbo Àkúrẹ́ jà nítorí téèpù! Ó fi oṣù mẹ́fà rán aṣọ fún ìyá tó bí i lọ́mọ, kò wọ̀n ọ́n. Ó bo ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló padà sí Oǹdó, kò gbé gìtá dání. Kò dárúkọ orin. Ó kàn bá ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n jọ ń pa ẹ̀gúsí. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Láńre, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ìyàwó Láńre, wọ́n sọ ti ẹni tó kú àti ẹni tó gbé ìyàwó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, tí ọwọ́ nìkan ń ṣiṣẹ́, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kùn ún lábẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Orin náà ni. Ìsàlẹ̀ ló wà, ó ń lọ geere, kò sí ibi tó ti ń gbọ̀n. Monílọ́lá rọra tẹ fóònù rẹ̀ lábẹ́ ìró, ó gbà á sílẹ̀.

Ràṣídì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fi okùn wá a kiri, títí ó fi bá a. Ìgbésẹ̀ ohùn méjì péré ló fi wálẹ̀ ju ti kíbọ́ọ̀dù Bísọ́dún lọ. Ohùn ò lọ síbì kan. Ó kàn sún ìjókòó ni.

Ẹ̀rù tún wá ba Monílọ́lá. "Gbogbo kọ́ọ̀dù mi ló máa yí padà nìyẹn! Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì!"

"Ta ló ní kó o kọ́ òmíràn? Bí aṣọ bá fún oníbàárà, ṣé oníbàárà lo máa ń gé?"

"Mo máa ń tú u ni."

"Tú u."

Ó lọ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ méjì méjì, ó fi fóònù yẹ̀ wọ́n wò. Ìka Monílọ́lá dúró síbi tó mọ̀, orin náà sì wálẹ̀ wá bá ẹni tó ni ín. Okùn náà tún rọ̀ lábẹ́ ìka ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, ó gbé gìtá dé Oǹdó. Màmá rí i, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Monílọ́lá kò bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ní òun kàn fẹ́ fi ṣeré tòun ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ bíi pé máṣíìnì wà níbẹ̀. Màmá ń fẹ́ ẹ̀wà. Ó pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó tún pẹ́, ọ̀rọ̀ bọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ ló dì mí mú. Mo tún rí oòrùn òwúrọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ó ti kọjá ibẹ̀ kó tó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo ẹ̀wà.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo wọ̀n yín ni, màmá. Ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti wọ̀n yín látẹ̀yìn wá."

Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Omi lé sí i lójú, kò nù ún. "Tún un ta," ni gbogbo ohun tó sọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ràṣídì wá láti Àkúrẹ́, ó dé fìlà funfun rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ kánópì níta pẹ̀lú àwọn tí kò ráàyè wọlé. Nígbà tí wọ́n pe Ìyá Láńre, àwọn kan wo ara wọn. Bísọ́dún na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù, Monílọ́lá mi orí fún un pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ó sì jókòó sórí àga pẹ̀lú gìtá. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé òun ló máa kọ́kọ́ ta nǹkan díẹ̀ kí màmá tó gbé orin. Màmá ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ogójì ọdún dá orin, gìtá wo ló máa wá sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un? Ó la ẹnu, Monílọ́lá sì sáré bá a, ìka rẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ láìwò.

Wọ́n dé ẹ̀yìn ìlà kejì. Màmá dúró láti mí. Ó mí, ó tún mí. Gbogbo ìjọ dákẹ́, èèyàn kan wúkọ́. Ẹsẹ̀ Monílọ́lá fẹ́ sá, ó fẹ́ kọjá ibi ẹ̀rù yẹn kíákíá bó ṣe ń kọjá aṣọ gbọọrọ, àmọ́ ó dì í mú. Gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Ó ń yí kọ́ọ̀dù kan náà po, ó ń dúró de ìyá rẹ̀.

Mo tún rí oòrùn òwúrọ̀.

Ó jáde. Ó nípọn, kò ga, àgbà ni ohùn náà, ó sì kún gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé "ẹ bá mi dúpẹ́," ìjọ ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọn ò sì dá a padà fún un títí wọ́n fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lẹ́yìn ìsìn, Bísọ́dún sáré bá màmá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí màmá padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, ó wá béèrè ibi tí òun máa gbé ohùn náà sí lórí kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ télọ̀ mi ni kó o lọ. Òun ni ìwọ̀n mi wà lọ́wọ́ rẹ̀."